Ọ́díò Ìpè Pàjáwìrì àti Ikú Tó Mú Ìfura Dání: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí la ń pè ní ọ́díò ìpè pàjáwìrì gan-an?

Tí ẹnì kan bá ṣubú, tàbí tí wọ́n bá bá òkú nínú ilé, ẹni tó wà níbẹ̀ á gbé fóònù, á pe àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Níbi púpọ̀ láyé, ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba ìpè tó máa ń ká gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá ti gbé e títí wọ́n á fi pa á. Ohùn tí ẹ̀rọ yẹn ká ni mò ń sọ. Kì í ṣe ohun tí aládùúgbò fi fóònù tiẹ̀ gbà lójú fèrèsé, kì í sì í ṣe èyí tí ẹnì kan jókòó sílé rẹ̀ kà sórí WhatsApp pé "bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí". Orúkọ kan náà la máa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ládùúgbò, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà wo là ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ níbí?

118 ni ti pọ́ńpíyè, ìyẹn àwọn panápaná, 117 ni ti ọlọ́pàá. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ. Látìgbà tí wọ́n ti da pòlíìsì àti jàǹdámù pọ̀ di Police républicaine ní 2018, kọmísáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, lọ̀rọ̀ ń lọ, Àjàṣẹ́ ni o, Kétu ni o, Sábẹ̀ẹ́ ni o.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í pe nọ́ńbà kankan lákọ̀ọ́kọ́. Aládùúgbò là ń ké sí, àbúrò tó ní mọ́tò, zémíjàn, ọlọ́kadà tó wà ní ìkòríta, pásítọ̀ tàbí ààfáà. Torí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé lágbájá "ò tiẹ̀ pe pọ́ńpíyè", ẹ má tíì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ta lẹ̀yin fúnra yín máa pè lóru.

Ọ́díò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi yìí, ṣé ojúlówó ni?

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ta ló fún un. Tí gbogbo ènìyàn bá ń dáhùn pé "wọ́n gbé e sínú gúrúùpù wa ni", a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá nìyẹn. Mo ti rí ọ́díò kan tí wọ́n ní Àjàṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ní Sábẹ̀ẹ́ ni, obìnrin kan náà, ẹkún kan náà, ajá kan náà tó ń gbó lẹ́yìn ilé.

Ẹ tún fetí sí bó ṣe ń dún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé fóònù kan ń sọ̀rọ̀, wọ́n wá fi fóònù kejì gbà á. Ariwo ilẹ̀kùn àti ìwúkọ́ tẹ́ ẹ ń gbọ́ níbẹ̀ lè jẹ́ ti yàrá ẹni tó ń gbà á sílẹ̀, kó má jẹ́ ti yàrá tí òkú wà rárá. Mo mọ àwọn tó gbé irú ìwúkọ́ bẹ́ẹ̀ ka ọkùnrin kan lórí pé òun ló wà níbẹ̀, torí pé òun náà máa ń wúkọ́.

Kí ló dé tí ti Amẹ́ríkà fi máa ń jáde sí gbangba, tí tiwa kì í jáde?

Òfin wa ò jọra. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ìpè 911, nọ́ńbà pàjáwìrì tiwọn, wà lára àkọsílẹ̀ ìjọba tí oníròyìn tàbí ará ìlú lè bèèrè fún, ìdí nìyẹn tí Yútúùbù fi kún fún un. Níbí, ọ̀nà òfin tí Faransé fi sílẹ̀ là ń tọ̀, àṣírí ni ìwádìí títí ẹjọ́ á fi dé kóòtù. Tí ohùn kan bá ń káàkiri lọ́jọ́ kejì ikú, yálà ẹnì kan jí i jáde tàbí kó má jẹ́ òun rárá.

Ẹni tó pè nínú ọ́díò náà kí ẹni tó gbé fóònù kó tó sọ pé ẹnì kan ń kú lọ. Ṣé ìyẹn ò mú ìfura wá?

Rárá o. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa kì í bẹ ènìyàn láìkí i. Kò ronú sí i, ẹnu rẹ̀ ló ti mọ́ ọn lára. Ẹni tó ń bẹ̀rù gan ló tún máa ń kí jù, torí pé ó ń wá ojú rere ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Èmi ni mo pe pọ́ńpíyè lálẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní balùwẹ̀ ní Kétu. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ sà". Mo tún padà sọ ọ́ lédè Faransé, mo ní bonsoir, bí ẹni tó lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀ níwájú mi. Bí ẹnì kan bá gbé ohùn yẹn jáde lónìí, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ nípa ẹlòmíràn.

Ohùn rẹ̀ balẹ̀ jù, kò sunkún. Ta ló máa ń balẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ènìyàn rẹ̀ kú?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Ìbẹ̀rù máa ń mú àwọn kan pariwo, ó sì máa ń mú àwọn míràn gan bí igi, wọ́n á máa ka àdírẹ́sì bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka ìwé, ẹkún á wá dé lọ́jọ́ kẹta nígbà tí wọ́n bá rí bàtà òkú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń gba ìpè náà sì ń bèèrè ìbéèrè: ibo lẹ wà, ṣé ó ń mí, ẹ gbé ọwọ́ sí i láyà. Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ ló máa ń mú ohùn balẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tí àwọn olùfura máa ń ṣe. Tó bá sunkún, wọ́n ní ẹkún èké ni. Tí ò bá sunkún, ọkàn rẹ̀ ti yigbì. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún tó wá dákẹ́, ó gbàgbé eré tó ń ṣe. Kò sí ọ̀nà tó lè gbà sọ̀rọ̀ tí wọn ò ní dá a lẹ́bi, àmì tó bá sì mú gbogbo ènìyàn, kò mú ẹnikẹ́ni.

Kí ló dé tí ò fi lè là á mọ́lẹ̀ pé "ó kú"? Tó tún ń sọ pé "wọ́n" bí ẹni pé ènìyàn púpọ̀ ló wà níbẹ̀?

Kò sẹ́ni tó ń ṣàdédé la ọ̀rọ̀ ikú mọ́lẹ̀ nílé Yorùbá. "Wọ́n ti lọ", "wọn ò sí mọ́", "ilẹ̀ ti ṣú", "ẹ ẹ̀ rí i bí ilé ṣe wó", gbogbo rẹ̀ ikú náà ni. Obìnrin tó ní "bàbá àwọn ọmọ ti lọ" lórí fóònù ò sọ pé ọkọ òun jáde nílé. Mo ti rí ibi tí ẹnì kan tú ọ̀rọ̀ yẹn sí Faransé pé "il est parti", tí àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá wá ń jiyàn pé obìnrin náà kọ́kọ́ parọ́ pé ọkùnrin náà ti kúrò nílé.

"Wọ́n" tún léwu jù ú lọ. Aya kì í pe ọkọ tó jù ú lọ ní "ó" níwájú àlejò. "Wọ́n ṣubú, wọn ò mí mọ́" jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo, ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ di púpọ̀. Tí wọ́n bá wá kọ "ils" sórí bébà, àwọn olùfura á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tó wà nínú yàrá. "Ó" tiwa náà ò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni tí ò gbọ́ èdè wa dénú, kó má dá sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lédè wa. Tó bá jẹ́ pé ó pọn dandan, kó wá ẹni tó gbọ́ ọ wá, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ apànìyàn látinú ìpè nìkan. Ṣé òótọ́ ni?

Ọ̀nà náà wà, pé ó ṣiṣẹ́ ni kì í ṣe òótọ́. Ọlọ́pàá kan ní Ohio tó ń jẹ́ Tracy Harpster ló kó ìpè 911 ọgọ́rùn-ún jọ, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú Susan Adams sínú ìwé ìròyìn àwọn FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní 2008. Ó ní àwọn àmì kan wà tó ń fi ẹni tó jẹ̀bi hàn: tó bá sọ ohun tí wọn ò bi í, tó bá ti gbà pé ẹni náà ti kú, tó bá ń hùwà pẹ̀lẹ́ jù. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa, ìwà pẹ̀lẹ́! Tí wọ́n bá gbé ìwọ̀n yẹn wá sí Àjàṣẹ́, gbogbo wa la máa wẹ̀wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá gba ẹ̀kọ́ yìí, àwọn kan sì gbé e lọ sí kóòtù. Nígbà tó yá àwọn onímọ̀ tún un wò lórí ìpè míràn, àmì náà ò dúró. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìwà ọ̀daràn ní FBI fúnra wọn gbé ìwádìí jáde ní 2020 tó kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ṣe ẹjọ́. Ní 2022 àwọn oníròyìn ProPublica tú u palẹ̀ pátápátá. Àwọn fídíò tó ń kọ́ yín ní "àmì méje tí apànìyàn máa ń fi hàn", ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mú un, ìkìlọ̀ yẹn ni wọn ò mú dání.

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, ó ní "mo pa á"! Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?

Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ ọ kí ẹnì kan tó sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀, àbí lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ ọ́díò ni. Etí ò kí ń gbọ́ nìkan, ó ń parí ọ̀rọ̀ tí ò gbọ́ tán. Ẹ rántí ọdún 2018 tí ohùn kan ń káàkiri ayé, tí àwọn kan ń gbọ́ "Laurel", tí àwọn míràn ń gbọ́ "Yanny", tí tọkọtaya ń bára wọn jà lé e. Ohùn kan ṣoṣo ni.

Ọ̀ràn tó burú jù nípa èyí ṣẹlẹ̀ ní Dunedin ní ilẹ̀ New Zealand. Ní 20 oṣù kẹfà 1994 wọ́n pa ènìyàn márùn-ún nínú ìdílé kan, ọmọ wọn ọkùnrin tó kù, David Bain, ló pe nọ́ńbà 111. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1995. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn ìpè náà, nígbà tí wọ́n ń múra láti tún ẹjọ́ yẹn dá, ọlọ́pàá kan ń gbọ́ téèpù náà, ó ní òun gbọ́ ọ níbi tó ti ń mí gúlegúle pé "mo yìnbọn lù ú". Látìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún, ó ń gbọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ ohùn ní àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀rọ̀ ni, ó lè jẹ́ èémí lásán. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ẹjọ́, wọ́n sì dá ọkùnrin náà sílẹ̀ ní 2009. Onímọ̀ èdè kan ní Australia, Helen Fraser, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi ìpè náà dán àwọn ènìyàn wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2011: àwọn tí wọn ò tíì sọ nǹkan kan fún ò gbọ́ ọ, ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ fún wọn ni púpọ̀ nínú wọn wá ń gbọ́ ọ, ó sì ṣòro láti yọ ọ́ létí wọn mọ́.

Wàyí o, ẹ gbé e wá sí èdè tiwa. "Mo pa á" lè jẹ́ gáàsì ni mo pa, iná ni mo pa, fáànù ni mo pa, tẹlifíṣọ̀n ni mo pa kí n lè gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. "Mo pè é", ìyẹn ni pé mo pe dókítà tàbí mo pe orúkọ rẹ̀ tí kò dáhùn, nígbà tí ènìyàn bá ń sunkún tí ohùn ń já, ẹ ẹ́ rò pé "mo pa á" ni. Ẹkún máa ń da ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rú, ohùn yẹn la sì fi ń mọ ìtumọ̀.

Ní Àjàṣẹ́ a tún ń pò ó mọ́ Gùn, Fọ̀n àti Faransé nínú gbólóhùn kan. Lédè Fọ̀n, "é kú" ni pé ó ti kú. Lédè wa, "ẹ kú" ni ìbẹ̀rẹ̀ ìkíni. Lórí fóònù tó ń já, ta ló máa búra pé èwo lòun gbọ́?

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá etí mi ń tàn mí?

Ẹ wá ènìyàn márùn-ún tí wọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sọ orúkọ òkú, ẹ má sọ pé ó fẹ́ jọ ìpànìyàn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá gbọ́ ọ, kó kọ ohun tó gbọ́ sórí bébà, kó má fi han èkejì. Tí bébà márùn-ún bá sọ nǹkan márùn-ún, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Wọ́n ní lẹ́yìn tó ti fẹ́ gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Ìyẹn ńkọ́?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ní 26 oṣù kejìlá 1996, ní Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado, ìyá ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń jẹ́ JonBenét Ramsey pe 911 láago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 52 láàárọ̀ pé wọ́n ti jí ọmọ òun gbé. Wọ́n rí òkú ọmọ náà nínú yàrá abẹ́ ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Àwọn kan ní ìyá náà ò gbé fóònù kalẹ̀ dáadáa, pé ìparí téèpù ní ohùn bàbá, ti ìyá, àti ti ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ní ó ń sùn. Wọ́n gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ kan ní California kí wọ́n fọ̀ ọ́. Àwọn kan gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta, àwọn míràn ò gbọ́ nǹkan kan àyàfi ariwo. Ní 2016 tẹlifíṣọ̀n tún gbé e jáde, ọmọkùnrin yẹn tó ti dàgbà pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní 2019. Títí di òní, kò sẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́bi ikú ọmọ yẹn.

Nípa fóònù alágbèéká tiwa, nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá dákẹ́, fóònù yín lè dáwọ́ dúró láti máa fi ohùn ránṣẹ́ kó má báa jẹ bátìrì, fóònù tó wà lápá kejì á wá fúnra rẹ̀ ṣe ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ dípò, kí ẹni tó ń gbọ́ má rò pé ìlà ti já. Ariwo yẹn ò ti inú yàrá yín wá. Ènìyàn á wá gbé e, á yí fólúùmù rẹ̀ sókè, á sì máa gbọ́ òkú tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún ohùn pọ̀ nínú fóònù náà, ohùn ènìyàn ni wọ́n kọ́ ọ láti mú, nítorí náà tí àga bá dún gìrì, ó lè sọ ọ́ di ohun tó jọ "rárá" tàbí "bàbá".

Ṣé tí mo bá fi app fọ ohùn náà, kò ní yé mi sí i?

Ó lè dùn létí sí i, ìyẹn ò ní kó jẹ́ òótọ́. Ìpè fóònù àtijọ́ kì í gbé ju nǹkan bí 300 sí 3400 hertz lọ, hertz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Ohun tí ò bá wọlé nígbà tí wọ́n ń gbà á, kò sí app tó lè mú un padà wá, àfi kó dá tiẹ̀. Àwọn AI tuntun sì ń dá tiwọn lóòótọ́. Ní 2024 àwọn onímọ̀ rí i pé Whisper, tó máa ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ, máa ń kọ gbólóhùn odidi tí ẹnikẹ́ni ò sọ, pàápàá níbi tí ènìyàn bá ti dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọ́díò ẹkún obìnrin Nàgó fún un kẹ́ ẹ wá pe ohun tó kọ ní ẹ̀rí.

Kí ló dé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó pè?

Ìfura tó lágbára jù nìyí, ó sì máa ń mú èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Idaho. Ní 13 oṣù kọkànlá 2022, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin nínú ilé kan ní ìlú tó ń jẹ́ Moscow, ní nǹkan bí aago mẹ́rin òru. Ìpè 911 ò wọlé àfi nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá ọ̀sán lù, ohun tí wọ́n sì sọ ni pé ẹnì kan dákú. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń gbé ilé náà tí wọ́n yè, gbogbo ayé dojú kọ wọ́n: kí ló fà á tí wọ́n fi dúró wákàtí mẹ́jọ, kí ló dé tí wọ́n fi ní "dákú"? Ẹnì kan tiẹ̀ lọ sórí TikTok, ó ní olùkọ́ yunifásítì kan ló ṣètò rẹ̀, olùkọ́ yẹn gbé e lọ sí kóòtù, ó sì jàre.

Wọ́n mú Bryan Kohberger lọ́jọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún yẹn. Ní oṣù keje 2025 ó fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun ni, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére mẹ́rin. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n bẹ̀rù ni, ọmọdé ni wọ́n. Ọdún mélòó ni wọ́n fi gbé ẹ̀sùn tí àjòjì kó lé wọn lórí ká?

Aago tó wà lórí fóònù rẹ̀ àti aago tí ọlọ́pàá sọ ò bára mu. Ta ló ń parọ́?

Bóyá kò sẹ́ni tó ń parọ́. Aago ẹ̀rọ tó ń gba ìpè lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yàtọ̀ sí ti fóònù, ìgbà tí ìpè wọlé náà yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n gbé e. Ilé iṣẹ́ tó ni síìmù ní àkọsílẹ̀ nọ́ńbà, aago, iye ìṣẹ́jú àti òpó tó gbé ìpè náà. Adájọ́ tàbí ọlọ́pàá ló lè bèèrè fún un, kì í ṣe èmi tàbí ẹ̀yin.

Tí mo bá pín in tí mo sì sọ èrò mi, ṣé wọ́n lè mú mi?

Wọ́n lè mú yín. Code du numérique, òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ayélujára, ìyẹn òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, ní abala 550 tó ń sọ nípa fífi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ yọ ènìyàn lẹ́nu àti irọ́ pípa mọ́ ènìyàn, wọ́n sì ti fi mú àwọn ènìyàn. "Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni" ò gba ènìyàn sílẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 11 oṣù kejìlá 1990 náà, abala 17, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ènìyàn títí ilé ẹjọ́ á fi dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní kò sí òfin kankan. Àwọn ọmọ òkú wà nínú gúrúùpù yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan lè gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ké pe bàbá rẹ̀ tó ti kú, kó sì ka ohun tẹ́ ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Tìtorí èyí gan-an ni mo ṣe kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kà yìí.

Mo mọ nǹkan kan lóòótọ́ nípa ikú náà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ sí kọmísáríà, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò. Tó bá jẹ́ ọ́díò ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ má gé e, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má pa á rẹ́ lórí fóònù tó kọ́kọ́ gbà á, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó wọlé àti ẹni tó fi ránṣẹ́ síbì kan. Tẹ́rù bá ń bà yín, ẹ mú àgbà kan lẹ́bí dání tàbí agbẹjọ́rò.

Ẹbí òkú ni wá, ọlọ́pàá ò sì sọ nǹkan kan fún wa. Ṣé ká kàn jókòó ni?

Ẹ má jókòó o. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò òkú kẹ́ ẹ tó sin ín, torí tí ilẹ̀ bá ti bò ó, gbogbo nǹkan ló máa le. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá fún àwọn ẹbí Mùsùlùmí tó ń fẹ́ sin òkú lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ ẹ bá àwọn àgbà sọ ọ́. Ẹ wá agbẹjọ́rò, ẹ kọ̀wé sí procureur, agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́, ẹ sì lè wọ inú ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí partie civile, ìyẹn àwọn tí ọ̀ràn náà ṣe lára, kí agbẹjọ́rò yín lè rí ìwé ẹjọ́. Ọ̀nà yẹn pẹ́, ó ń náni lówó, ó sì ń bíni nínú. Ọ́díò tẹ́ ẹ bá tú síta lè mú kí ẹlẹ́rìí kan máa tún ohun tó gbọ́ lórí WhatsApp sọ níwájú adájọ́, kí agbẹjọ́rò ẹnì kejì sì fi ìyẹn ba ẹjọ́ yín jẹ́.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó pè gan-an ló pa á ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ó sì tún máa ṣẹlẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ gba gbogbo ẹni tó pè gbọ́. Ìpè ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìwádìí, àmọ́ kì í ṣe nínú ohùn tó gbọ̀n tàbí ohùn tó balẹ̀, inú ohun tí wọ́n lè lọ yẹ̀ wò ló wà. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni: níbo ni fóònù rẹ̀ wà láti ìrọ̀lẹ́? Ó ní ara òkú ṣì gbóná: nínú ooru tiwa ara kì í tètè tutù, nítorí náà gbólóhùn yẹn nìkan ò tó, dókítà á wo bí oríkèé ṣe le tó. Ó ní olè ló wọlé, ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti já nígbà tí òun dé. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí lóòótọ́ á gbọ́ ìpè náà lẹ́ẹ̀kan, á kọ ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀kùn yẹn sínú ìwé rẹ̀, á sì dìde lọ wo ilẹ̀kùn náà.